Ọgọ́rùn-ún Ìwé Dókítà Odùtáyọ̀

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́, tó sì ń jẹ orúkọ iṣẹ́, máa ń bí mi nínú. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹ má baà ní mo tàn yín jẹ. N kò ní í lè sọ ìtàn yìí jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá rí i pé mo bú ọkùnrin náà jù, ẹ rántí pé ó ti yin ara rẹ̀ jù kí n tó débẹ̀. Ìwọ̀n ni mo kàn ń dá padà sí òdo. Ó tún yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" nítorí pé ó jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ gba ìdajì ojú ìwé.

Orúkọ náà nìyí, ẹ mí kanlẹ̀ kí ẹ tó kà á: Dókítà Olóyè Adéolú Odùtáyọ̀, Ọ̀gá Àgbà Yányán fún Ilé Ìwádìí Oúnjẹ Ọmọ-ọwọ́ ní Àgídìngbì, Baba Oúnjẹ Ọmọdé fún Gbogbo Áfíríkà. Bí ẹ bá bi mí pé ta ló fi oyè tó kẹ́yìn yẹn jẹ ẹ́, ìpàdé kan ni. Òun nìkan ló wà ní ìpàdé náà. Òun ló dábàá, òun náà ló kín in lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó takò ó.

Ọdún Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí wọ́n ní kí gbogbo wa ṣe sùúrù, tí àwọn fúnra wọn kò sì ṣe. Agolo mílíìkì tí ìyá ọmọ ń rà tẹ́lẹ̀ bí ẹni ra iyọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń tì mọ́nú àpótí gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn olówó ní Allen. Àwọn ilé iṣẹ́ ń ti ìlẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn baba ọmọ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Ìjọba wá pàṣẹ pé kí àwọn onímọ̀ fi ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa ṣe oúnjẹ fún àwọn ọmọ-ọwọ́. Àṣẹ tó dára ni. Ọwọ́ tó bọ́ sí ni kò dára.

Ohun tí Odùtáyọ̀ fi ń yangàn ju ilé rẹ̀ ní GRA lọ, ju ọkọ̀ Pijó dúdú tí ìjọba fún un lọ, ni iye ìwé ìwádìí rẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n, lórí oúnjẹ ọmọ àti ìlera ọmọ, tí àwọn ìwé ìròyìn onímọ̀ ti tẹ̀ jáde nílé àti lókè òkun. Bí ẹ bá fẹ́ ka èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ nínú wọn, ìka yín mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yóò ṣì wà lófìfo. Òfin kan ló wà lára gbogbo ilẹ̀kùn ọgbà náà, títí kan ti ilé ìgbẹ́: KÒ SÍ ÌWÉ ÌWÁDÌÍ TÍ YÓÒ JÁDE NÍBÍ LÁÌJẸ́ PÉ ORÚKỌ Ọ̀GÁ ÀGBÀ LÓ ṢÍWÁJÚ. Ẹlòmíràn ni yóò gbé ìwọ̀n lọ sí abúlé. Oòrùn ẹlòmíràn ni yóò pa, ajá yóò lé e, yóò sì jókòó ọdún méjì lórí ìṣirò. Bó bá parí, orúkọ ẹni tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò fò sókè téńté.

Ẹ má rò pé kì í yẹ àwọn ìwé náà wò. Ó máa ń yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, rúlà ló fi ń yẹ̀ wọ́n wò. Bí Reuben tó ń tẹ̀wé fún wọn bá ti gbé ìwé dé, ọ̀gá yóò fa rúlà yọ nínú dúrọ́ọ̀, yóò fi wọn orúkọ ara rẹ̀, yóò sì fi wọn ti àwọn tó tẹ̀ lé e. Tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn jù. Nígbà kan, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Olúwafúnkẹ́mi. Orúkọ ọmọ náà gùn ju Adéolú lọ. Ọ̀gá fa gègé pupa yọ, ó gé e kù sí "O."

Ó wá ku oríkì. Ṣínà ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ́fíìsì, ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ kò le nítorí pé gbogbo ìgbà ló fi ń tẹ̀ ẹ́ ba. Ó ti kó orí ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn ìwé ìwádìí náà jọ, ó sọ wọ́n di oríkì. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ yóò tò lẹ́nu géètì. Bí Pijó dúdú náà bá ti yọ, Ṣínà yóò ki ẹnu bọ̀ ọ́:

"Odùtáyọ̀ o!
Ẹni tó kọ̀wé lórí ìgbẹ́ gbuuru, tí ìgbẹ́ gbuuru sá lọ!
Ẹni tó wádìí ọyàn ìyá ní Agége, tó tún wádìí rẹ̀ ní Ìpájà!
Ẹni tó ka eyín ọmọ tí kò tíì hù!
Ó wọn orí ọmọ, ó wọn apá ọmọ, kò gbàgbé àtàǹpàkò!"

Ọ̀gá yóò nawọ́ jáde láti ojú fèrèsé ọkọ̀, yóò máa jù ú díẹ̀díẹ̀. Bí oríkì náà kò bá tíì parí, awakọ̀ yóò yí po nínú ọgbà títí yóò fi parí. Nígbà tí ìwé pé ọgọ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń yí po. Ẹ rántí pé epo bẹntiróòlù ò sí nílùú nígbà náà.

Èyí ni ọkùnrin tí ìjọba ní kó wá oúnjẹ fún àwọn ọmọ wa. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló fi wá a. Ìyẹ̀fun pákí ni, ó da ṣúgà sí i, ó fi àwọ̀ àti òórùn mílíìkì sí i, ó pè é ní Ajíyó. Nígbà tí ẹnì kan bèèrè bóyá kí wọ́n fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà sí i kí ó lè mú ọmọ dàgbà, ọ̀gá bu ṣíbí kan, ó tọ́ ọ wò, ó dijú.

"Ó dùn," ló wí. "Ohun tó bá dùn tó báyìí, kí ló tún fẹ́ fi ẹ̀wà ṣe?"

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbájáde ìwádìí. Nílé rẹ̀ ní GRA, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan wà tí Bísí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìbílọlá lorúkọ ọmọ náà, ọmọ oṣù mẹ́rin péré. Mílíìkì inú agolo, tí awakọ̀ ń lọ rà ní Allen, lòun ń mu. Ajíyó jẹ́ ti àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ìbílọlá jẹ́ ti Bàbá àgbà.

Gómìnà ológun gba Ajíyó tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ní ìpínlẹ̀ ni yóò máa pín in fún àwọn ìyá ọmọ. Kí ó tó dìgbà náà, ọ̀gá ní kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta pín in ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá ojú irin ní Agége, nítorí ìwé ìwádìí gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ jáde. Hassanat, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí kékeré, ni wọ́n rán lọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí Hassanat, ṣùgbọ́n Agége ni wọ́n bí i sí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń fi ìwọ̀n kọ́ ara ìkọ́ irin tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà. Yóò kọ́kọ́ dá ọ̀pá ìwọ̀n padà sí òdo, yóò wí pé bísímílláì, yóò ki ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì bọ ihò méjèèjì tó wà lára ṣòkòtò aṣọ tó so mọ́ ìwọ̀n náà, yóò gbé ọmọ kọ́, yóò sì dúró kí ọmọ má mì mọ́ kó tó kà á. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló ń wọ̀n bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Fàúsát, ọmọ Sùlíyá tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ọmọ mẹ́ta ni Sùlíyá ti bí; Fàúsát nìkan ló kù.

"Àǹtí Hassanat, ó ń yó o," Sùlíyá wí lóṣù kejì. "Tó bá ti mu ún tán báyìí, oorun ló kù. Kì í ké rárá. Àmọ́ ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sín in lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, mo ti tú u kí n fi kún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wò ó báyìí."

Ìlẹ̀kẹ̀ náà ti yọ̀ sọ̀kalẹ̀ dé orúnkún ọmọ. Àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbé ojú sókè, olúkúlùkù sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ọmọ tirẹ̀. Àwọn ìyá wa ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mọ ọmọ tó ń sanra àti ọmọ tó ń rù kí ẹnikẹ́ni tó ronú ṣe ìwọ̀n. Hassanat wo gbogbo wọn, ẹ̀rù bà á. Ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ wí ni ìwọ̀n náà wí. Nínú ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, mọ́kànlélógójì ló ń rù. Ní oṣù Kẹwàá, wọn yóò sì fún gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ ní ohun kan náà.

Ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Lẹ́tà náà padà wá pẹ̀lú gègé pupa lórí: "Níbo ni orúkọ mi wà?" Ó bá wọlé lọ bá a fúnra rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Sà, àwọn ọmọ Agége ń rù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ̀n ni, sà."

"Ìwọ̀n!" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, Ṣínà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. "Ìwọ̀n kọ ìwé mélòó?"

"Ẹ gbà á láyè kí wọ́n dá oúnjẹ yẹn dúró ná, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Hassanat, gbọ́ mi dáadáa. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé ìwádìí, kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí o bá rí nǹkan, lọ kọ ọ́ níwèé. O sì mọ orúkọ tó ń ṣíwájú."

"Kọ́réètì, sà!" Ṣínà wí.

Hassanat lọ kọ ọ́. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ni, kò sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ àsọdùn. Nígbà tí Reuben ń tẹ̀ ẹ́, ó dáwọ́ dúró, ó tún orí ọ̀rọ̀ náà kà lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ẹ̀gùn Badagry ni Reuben, ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì.

"Àbúrò mi, ṣé ó dá ẹ lójú pé ohun tí o fẹ́ kí n tẹ̀ nìyí? Orúkọ ọ̀gá ni màá fi sókè ẹ̀ o."

"Bọ̀dá Reuben, àwọn ló ní kí n kọ ọ́."

Òun àti Reuben ló jọ gbé e wọlé. Ọ̀gá fa rúlà yọ.

"Sà, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kà á," Hassanat wí.

"Íńṣì mẹ́rin àbọ̀. Ó dára."

"Sà, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Ajíyó ò ṣe àwọn ọmọ lóore."

"Tìrẹ sì jẹ́ íńṣì méjì. O mọ ara ẹ, mo fẹ́ràn rẹ fún ìyẹn."

"Sà, mo ní oúnjẹ tí ẹ ṣe ni ìwé yìí ń bá wí."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́, Hassanat." Ó fọwọ́ sí i. Ó kọ ìbuwọ́lùwé náà tọkàntọkàn, ó fà á nídìí bí ìrù ẹṣin.

Reuben gbé ìwé náà dání. Ó ti wà ní ọgbà yẹn fún ogún ọdún, kò sì rí i kí ẹnikẹ́ni sọ ohun kan náà fún ọ̀gá ní ẹ̀ẹ̀mẹta rí. "Ọgọ́rùn-ún pé nìyẹn, sà," ló kàn wí.

Ẹ̀yin ará, ilé mì! Ọ̀gá dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ọgọ́rùn-ún! Ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí gómìnà. Ó ní kí wọ́n kun gbogbo igi inú ọgbà ní ẹfun. Ó ní kí káfíńtà kan àpótí gíláàsì tí ọgọ́rùn-ún ìwé náà yóò wọ̀ sí, kí wọ́n sì máa fi agbòjò bò ó bí wọ́n bá ń gbé e lọ, kí oòrùn má baà pa ìmọ̀. Ṣínà ní tirẹ̀ kọ ìwé àṣẹ lórí bí wọn yóò ṣe máa pàtẹ́wọ́: àwọn òṣìṣẹ́ kékeré yóò gbé ọwọ́ ga ju orí lọ, àwọn tó wà láàárín yóò pa á ní ìwọ̀n àyà, àwọn ọ̀gá yóò kàn máa mi orí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn, kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ kankan, kò sì sí ẹni tó mọ ìyàtọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù Kẹwàá dé ni wọ́n ṣe ayẹyẹ náà. Gómìnà kò ráyè wá, ó rán kọmíṣánnà rẹ̀, Májọ̀ Ishaq, sójà gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì máa ń wo aago nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá wí pé "ní ṣókí." Wọ́n kó àwọn ìyá ọmọ Agége wá nínú bọ́ọ̀sì. Ṣínà ti ní kí wọ́n kó kìkì ọmọ tó sanra wá. Nígbà tí wọn kò rí tó, ó ní kí wọ́n yá tàwọn ẹlòmíràn. Sùlíyá kò rí ọmọ yá, Fàúsát ló gbé wá.

Ọ̀gá bọ́ sórí pèpéle nínú agbádá funfun.

"Ọlọ́lá jùlọ! Kí n tó kọ ìwé mi kìn-ín-ní, ta ló mọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí pé ebi máa ń pa ọmọ? Wọ́n kàn ń sunkún ni, a rò pé orin ni! Kí n tó kọ ìkejì, ta ló mọ̀ pé láti ẹnu ni oúnjẹ ti ń wọlé? Mo wọ inú òkùnkùn, mo mú àwọn ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fún wọn ní Ajíyó! Èmi ni ìyá tí wọn kò mọ̀! Èmi ni ọyàn!"

Àwọn òṣìṣẹ́ kékeré gbé ọwọ́ ga ju orí lọ, wọ́n pa á. Àwọn ọ̀gá mi orí. Májọ̀ wo aago.

Ó wá kan Ṣínà láti ki oríkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Reuben ti tẹ àkọlé ọgọ́rùn-ún náà fún un lórí ìwé mẹ́rin, ó fi lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ má retí pé Ṣínà ti kọ́kọ́ kà á. Ọ̀gá rẹ̀ kì í kàwé, báwo lòun ṣe máa ṣe afojúdi? Ó ki, ó ki, òógùn bò ó. Ó dé àádọ́rin, ó dé àádọ́rùn-ún, ohùn rẹ̀ ń ga sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fò sókè.

"Ẹni tó kọ ìkọkàndínlọ́gọ́rùn-ún lórí ikọ́ ọmọ, tí ikọ́ dákẹ́! Ó wá kọ ọgọ́rùn-ún! Ẹni tó wádìí oúnjẹ ara rẹ̀! Ẹni tó ní Ajíyó kò ṣe ọmọ lóore! Ẹni tó fi ìwọ̀n hàn wá pé ọmọ mọ́kànlélógójì ló rù nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Odùtáyọ̀ o!"

Ẹnu rẹ̀ ti jìnnà kí etí rẹ̀ tó bá a. Ọ̀gá, tí kì í gbọ́ ohunkóhun nínú oríkì ju orúkọ ara rẹ̀ lọ, dìde, ó ju ọwọ́ sókè, ó tẹrí ba lọ́tùn-ún lósì. Àwọn òṣìṣẹ́ kékeré sì pàtẹ́wọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ wí.

"Wait. Wetin dis man just talk?" Májọ̀ bi ẹni tó jókòó tì í. Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. "Dókítà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé tó kẹ́yìn yìí?"

"Èmi ni, sà! Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan! Kọ́mà kọ̀ọ̀kan!"

Májọ̀ ṣí àpótí gíláàsì náà, ó fa ọgọ́rùn-ún yọ. Ó ka ojú ìwé kìn-ín-ní, ó ka ìkejì.

"Ìwé yín ní kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ ní Ajíyó mọ́."

Ojú ọ̀gá lọ sọ́dọ̀ Ṣínà, Ṣínà ti wo ilẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ Reuben, Reuben ń nu awò ojú rẹ̀. Adìyẹ bà lókùn nìyẹn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bó bá ní òun ló kọ ọ́, Ajíyó dìdàkudà. Bó bá ní òun kọ́, ọgọ́rùn-ún já.

"Ìyẹn... ìyẹn nìkan ni kì í ṣe èmi ni mo kọ, sà."

"Ó dáa. Èwo lẹ wá kọ nínú mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù? Ẹ sọ ọ̀kan. Ẹ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún wa."

Ọ̀gá tẹjú mọ́ àpótí gíláàsì náà bóyá yóò rí àkọlé kan kà. Èmi fúnra mi ì bá ti sọ ọ̀kan fún un, nítorí ojú ń tì mí fún un, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀.

"Ẹ má ṣe ìyọnu," Májọ̀ wí. "Ẹ kàn wọn ọmọ kan fún wa."

Ìwọ̀n Hassanat wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbé e wá ṣe ọ̀ṣọ́, wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù wé e. Sùlíyá ló sún mọ́ wọn jù, òun ló gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Baba Oúnjẹ Ọmọdé fún Gbogbo Áfíríkà gba Fàúsát bí ẹni gba ìkòkò gbígbóná. Ó ki ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì bọ ihò kan ṣoṣo, ó ki apá rẹ̀ kan bọ ìkejì, ó sì gbé e kọ́. Ọmọ náà doríkodò. Àwọn ìyá figbe ta. Fàúsát, tí kò ké láti oṣù méjì, ké lọ́jọ́ náà, ó sì tọ̀ sí agbádá funfun láti àyà dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gá na ọrùn wo ọ̀pá ìwọ̀n tí kò dá padà sí òdo.

"Kílò mọ́kàndínlógún," ló kéde.

Kò sí ìwé àṣẹ kankan tó sọ bí wọn yóò ṣe rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ gbogbo ìpele òṣìṣẹ́ ló rẹ́rìn-ín. Sùlíyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó já ọmọ rẹ̀ gbà, ó sì dojú kọ ọ́.

"Bàbá, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́mọ dání! Ẹ̀yin lẹ sì ń sọ ohun tí màá fún un jẹ fún mi! Mo ti sin méjì. Èyí nìkan ló kù mí kù o. Ẹ wo ìdí ẹ̀, ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀!" Ó bú sẹ́kún.

Hassanat jáde láti ẹ̀yìn. Ó tú rìbọ́ọ̀nù kúrò, ó dá ìwọ̀n padà sí òdo, ó wí pé bísímílláì, ó ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ ihò méjèèjì. Ó dúró kí ọmọ má mì mọ́.

"Kílò márùn-ún àbọ̀, sà. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Ajíyó, kílò mẹ́fà ni."

Májọ̀ pa ìwé náà dé. "Kí ni kí wọ́n fún wọn?"

"Ọyàn, sà. Ògì tí a po ẹ̀wà sóyà lílọ̀ mọ́, ká fi edé lílọ̀ sí i. Ó wà ní ojú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún."

"Ajíyó parí lónìí," Májọ̀ wí, ó gbé fìlà rẹ̀ dé, ó lọ. Kò sọ pé "ní ṣókí."

Ó kù díẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n sọ pé ìjọba yóò ka orúkọ lórí rédíò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tó gbé ayé ìgbà náà mọ bó ṣe máa ń rí: inú rédíò ni ọ̀gá ti máa ń gbọ́ pé òun kì í ṣe ọ̀gá mọ́. Odùtáyọ̀ jókòó ní pálọ̀ GRA, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe kí àwọn olùgbọ́, ó gbọ́ pé wọ́n ti fẹ̀yìn àwọn mọ́kànlá tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n pe orúkọ kìn-ín-ní. Òun kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé oúnjẹ wá.

"Èmi ò sí níbẹ̀," ló wí. "Bí mo bá wà nínú nǹkan, èmi ni mo máa ń ṣíwájú."

Ó ti bu òkèlè kẹta kí wọ́n tó pe orúkọ kọkànlá. "A. Odùtáyọ̀" ni wọ́n pè é. Wọn ò fi dókítà sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ṣínà wà lẹ́nu géètì. Ìwé méjì péré ni ọ̀gá tuntun kọ láyé rẹ̀. Ṣínà fà wọ́n gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Odùtáyọ̀ kó kúrò ní GRA, ó lọ sí ilé rẹ̀ kan tí kò tíì parí ní Ìjù. Awakọ̀ lọ, Pijó lọ, mílíìkì inú agolo tẹ̀ lé wọn. Ọgọ́rùn-ún ìwé nínú àpótí gíláàsì bá a lọ, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ, páálí Ajíyó méjìlá tó ṣẹ́kù ní ọgbà sì bá a lọ. Nígbà tí mílíìkì tán, ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ni wọn yóò fún Ìbílọlá.

"Ṣí páálí kan. Ìwé ọmọbìnrin yẹn, mi ò kọ ọ́, mi ò sì gbà á gbọ́."

Ìbílọlá yó, ó sùn, kò ké. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyàwó Odùtáyọ̀ gbé ọmọ náà wá síwájú rẹ̀. Ó tú aṣọ ọmọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí Ìbílọlá ti bọ́ sí orúnkún.

Ọkùnrin náà lọ sí ìdí àpótí gíláàsì. Ó fa ọgọ́rùn-ún yọ, ó jókòó sórí páálí, ó kà á láti ojú ìwé kìn-ín-ní dé ìkẹrìndínlógún. Nínú gbogbo ìwé tó kọ, òun ni àkọ́kọ́ tó kà. Ó dé ibi tí Hassanat ti kọ nípa ìlẹ̀kẹ̀, pé àwọn ìyá mọ̀ kí ìwọ̀n tó mọ̀, ó sì sunkún. N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé; òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé Ìbílọlá dé ilé ìwòsàn ẹ̀bá ojú irin ní Agége. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà méjìdínlógójì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ìyá ọmọ, òun nìkan ló dé fìlà. Sùlíyá ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tú okùn ìlẹ̀kẹ̀ Fàúsát kó lè fi kún un, nítorí ó ti ń fún un mọ́ ìdí. Ó mọ bàbá náà. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì sún kí àyè lè gbà wọ́n.

Ó kàn wọ́n. Hassanat kò gbójú sókè, káàdì tuntun ló wà níwájú rẹ̀.

"Orúkọ?"

Ọkùnrin náà nà ró. "Dókítà Olóyè Adéolú Odù..."

"Orúkọ ọmọ ni mo bèèrè, sà."

"Ìbílọlá," ló wí.

Hassanat kọ ọ́ sí òkè pátápátá. Ó wọn ọmọ náà, ó kọ iye rẹ̀, ó kọ ohun tí wọn yóò máa fún un jẹ, ó wá ti káàdì náà sí i kó fọwọ́ sí i ní ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó gbé ọmọ wá. Ọkùnrin náà gba gègé. Lẹ́yìn náà, ó fi í sílẹ̀, ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì ka káàdì náà láti òkè délẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i.